Omi Gbígbóná fún Báàgì Bámiṣe

Tẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ ní báàgì àfọwọ́hun lẹ̀ ń wá, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa nawọ́ sí fún yín. Agbèrò tó ń pe èrò Bìní á dánu dúró díẹ̀, á ní kẹ́ ẹ kọjá àwọn oníbúrẹ́dì, kẹ́ ẹ bèèrè Ìyá Oníbáàgì. Magdalene ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ níítìn méjì ń lu ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀, débi pé àwọn ọmọ tó bí gan-an, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń júwe ìyá wọn fún àlejò. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ká má purọ́, ẹni tó bá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ Magdalene ti gba gbogbo ohun tó ní.

Ẹni tó fẹ́ gbà á sì dé, tàbí ká sọ pé ẹni tí Magdalene gbà pé ó fẹ́ gbà á. Láti Àgọ́ Aláyè ni Olúwabámiṣe ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó pọnmi, ó tú òwú tó lọ́, ó kọ́ iṣẹ́ náà débi tó yẹ kó kọ́ ọ dé. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira, Magdalene fúnra rẹ̀ ló gbọ́wọ́ lé e lórí nílé àdúrà wọn, tó súre fún un pé yóò ga ju òun lọ. Ẹ̀yin náà mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Tọkàntọkàn la fi ń gbà á, ṣùgbọ́n a kì í retí pé Ọlọ́run á tètè gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì títì ni Bámiṣe gba ṣọ́ọ̀bù sí. Ó ní ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Magdalene ní irọ́ ni, ó ní ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ wá dúró síbi tí òun á ti máa rí i ni. Láràárọ̀, kí Bámiṣe tó ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, á sáré sọdá, á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀. Magdalene á fi gbogbo eyín ẹ̀rín dá a lóhùn, á bi í léèrè àwọn ará Àgọ́ Aláyè. Bí ọmọ náà bá ti kẹ̀yìn, ojú rẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹni tó ń wọlé lọ́hùn-ún. Tí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ bá sọdá, inú á bí i. Tí òun ò bá ta nǹkan kan, tí Bámiṣe náà ò sì tà, ara á tù ú. Ó ti wá di pé ó fara mọ́ kí ebi pa àwọn méjèèjì ju kí ọmọ yẹn yó lójú òun lọ.

Sàádátù tó ń ta ìpékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sàn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò kan bọ́ sílẹ̀, ó bèèrè Ìyá Oníbáàgì, Sàádátù sì bi í pé èwo nínú wọn, ṣé àgbà ni àbí ọ̀dọ́. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ Magdalene lára dé eegun. Ó tú ìlà tó ń hun lọ́wọ́, ó tún un hun, ó tún tú u. Èwo nínú wọn? Ṣé wọ́n ti di méjì nìyẹn?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bámiṣe gbé pátákó dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, wọ́n fi í ti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ò tíì mọ ohun tí òun máa ní kí wọ́n kọ sí i, òun ṣì ń rò ó. Magdalene ló wá ń bá a rò ó. Kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Bó bá gbójú sókè nídìí iṣẹ́, pátákó náà ni. Ó máa ń kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀, ohun tó sì máa ń kà ni Ìyá Oníbáàgì.

Àfi bí òwú ṣe tún dé sí ọ̀rọ̀ náà. Eli, ẹ̀gbọ́n Bámiṣe tó wà nílùú òyìnbó, ló fi òwú ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Wúùlù ni gbogbo wa ń pe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n fi ṣe é, kò bá àgùntàn tan rárá. Ẹ bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, bó ṣe wọlé náà ló máa jáde. Ti Eli yìí, irun àgùntàn gidi ni, àwọ̀ ewé kòkó àti àwọ̀ èso kòkó tó ti pọ́n. Lásìkò kan náà, Ìyá Ìjọ nílé àdúrà wọn ti sọ pé káwọn obìnrin ní irú báàgì kan náà tí wọ́n á máa kó Bíbélì, ìwé orin àti àbẹ́là wọn sí, ó sì ní kí Bámiṣe gbé ọ̀kan wá lọ́jọ́ Ìsinmi káwọn wò ó. Orúkọ Bámiṣe ló dá, kì í ṣe ti Magdalene. Magdalene wà níjòókòó níbẹ̀ nígbà tó dárúkọ ọ̀hún, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín.

Bámiṣe hun báàgì náà tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ tòun ti omi lójú. Bó ṣe máa ń ka ojú òwú ti Ọ̀rẹ̀ náà ló ka tèyí, kò mọ̀ pé irun àgùntàn máa ń nà. Báàgì náà fẹ̀ bí àpò gààrí, ó dẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀, èèyàn lè rí ìta láti inú rẹ̀. Àbẹ́là tí wọ́n bá fi sí i á yọ́ jáde lójú ọ̀nà. Òwú sì ti tán, ọjọ́ Ìsinmi ti dé tán. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ ran òun lọ́wọ́.

Magdalene gba báàgì náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan òwú, ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ní irú rẹ̀ rí. Nígbà kan tí ọyẹ́ mú, ó ra súwẹ́tà òkìríkà kan fún ọkọ rẹ̀, aláwọ̀ eérú, ó dára gan-an. Nítorí òórùn òkìríkà, ó da omi tó hó lé e lórí, ó bu ọṣẹ sí i, ó gbo ó títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Súwẹ́tà tó wọlé bíi ti àgbàlagbà jáde bíi ti ọmọ ìkókó. Ọkọ rẹ̀ bínú títí, ó tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n gé e, Magdalene sì ń fi apá súwẹ́tà náà sọ ìkòkò kalẹ̀ nídìí iná nílé rẹ̀ títí di òní olónìí, nítorí ooru kì í kọjá lára rẹ̀. Nítorí náà, ó mọ ohun tí omi gbígbóná ń fi irun àgùntàn ṣe. Ó máa ń bà á jẹ́ ni, lójú tirẹ̀.

Ó lè kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kó ṣọ́ra fún omi gbígbóná. Ó lè ní kó tú u, kó tún un hun kó fún mọ́ra. Ó gbójú sókè, ó rí pátákó lódìkejì, ó sì ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín. Aríran ni Magdalene nílé àdúrà wọn, kì í sì í ṣe ayédèrú. Ó ti ríran fún aboyún, ó ti ríran fún awakọ̀, ó sì ṣẹ. Bó bá ní Ẹ̀mí wí báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìdí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ẹ̀mí ò bá a sọ nǹkan kan. Ó dijú, ó gbọn orí, ó pe hàlelúyà bó ṣe máa ń pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú ayé ti wọ báàgì náà. Ó ní Ẹ̀mí ní kí Bámiṣe wá omi tó hó dáadáa, kó wá ọṣẹ àti kànìnkànìn tuntun, kó bọ báàgì náà sínú rẹ̀, kó máa gbo ó, kó máa ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà lé e lórí, kó má sì dáwọ́ dúró kó tó kà á tán. Bí omi bá fẹ́ tutù, kó tún da gbígbóná sí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú Sáàmù yẹn ni, torí òun ló gùn jù nínú gbogbo wọn.

Bámiṣe forí kanlẹ̀, ó ṣe àmín, ó dúpẹ́, ó kó báàgì rẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Magdalene ń wò ó bó ṣe ń sọdá títì, nǹkan kan sì gún un láyà, bí ìgbà tí egungun ẹja kékeré bá há ni lọ́fun. Ó mu omi lé e, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù Bámiṣe wà ní títì látàárọ̀. Ara Magdalene yá gágá. Ó ń hun báàgì, ó ń kọrin, Sàádátù sì bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí inú rẹ̀ fi dùn báyìí, ó ní ayọ̀ Olúwa ni. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn bó ṣe máa rí. Bámiṣe á wá sunkún, òun á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun á sọ fún un pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè. Ìyá Ìjọ á wá yíjú sí òun. Pátákó yẹn á sì wà lára ògiri níbẹ̀ títí òjò á fi fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn jókòó nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Àkókò ẹ̀rí tó, Bámiṣe sì dìde tòun ti ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Magdalene ti tún ojú ṣe, ó ti fi àánú kún un. Bámiṣe tú ọ̀rá náà, ó mú nǹkan kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, nǹkan náà sì dá dúró fúnra rẹ̀.

Báàgì náà ni. Ó ti súnkì dé ìwọ̀n tí Bíbélì àti ìwé orin gbà gẹ́lẹ́. Èèyàn ò rí ojú níítìn lára rẹ̀ mọ́, irun ti dì mọ́ irun, ó ki, ó sì dùn ún fọwọ́ kàn. Àwọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn bí èso àti ewé ṣe máa ń rí lórí igi kòkó. Alàgbà Abraham tó ń darí ìsìn gbé e, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọ́n omi ìyè díẹ̀ sí i, omi náà ń yí lórí rẹ̀, kò wọlé. Wọ́n gbé e kárí láti ọwọ́ sí ọwọ́. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Òdìgbò.

Bámiṣe kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo ti sọ fún yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí báàgì ṣe bàjẹ́, bí òun ṣe lọ bá Màmá, bí Ẹ̀mí ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun ka Sáàmù náà dé ìdajì, báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lọ́wọ́ òun, ẹ̀rù ba òun, ó sì ń ṣe òun bíi kí òun fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun rántí pé Màmá ní kí òun kà á tán. Ariwo ìyìn sọ. Alàgbà Abraham ní kí Magdalene dìde dúró kí ìjọ fi ògo fún Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ó dìde, ó dijú kó má baà rí báàgì náà. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e.

Owú jíjẹ ni. Ó ti ń jowú Bámiṣe nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó yá, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ní báyìí, ó ń jowú rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbààwẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi ohun kan dá òun lọ́lá nínú iṣẹ́ yìí, ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní. Ohun náà wá dé, ẹnu òun gan-an ló gbà kọjá, ó sì lọ bá ọmọ òdìkejì títì. Àwọn obìnrin ti yí Bámiṣe ká, kálukú ń sọ àwọ̀ tó fẹ́. Magdalene jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bámiṣe wá sílé rẹ̀. Ó bá a nídìí iná lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń se ẹ̀wà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó ń dé nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù nìkan ló mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé báàgì ọjọ́ Ìsinmi fún ọ̀gá rẹ̀, ó ní Màmá ló ni ín. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ẹni tó ń kọ pátákó ń bọ̀ lọ́la, òun sì ti mọ ohun tí òun fẹ́ kó kọ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ gba àṣẹ.

"Mo fẹ́ kó kọ ọ́ pé Ọmọ Ìyá Oníbáàgì," ló wí. "Kí gbogbo ayé mọ̀ pé Ìyá Oníbáàgì kan ṣoṣo ló wà, òun ló sì kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà ká Magdalene lára. Ohun tí kò jẹ́ kó rí oúnjẹ jẹ, ọmọ yìí kò tilẹ̀ rò ó rí. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó fẹ́ dáhùn pé kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, ìgbà náà ni ìkòkò ru tí omi ẹ̀wà ń dà sínú iná. Bámiṣe dìde kí àgbàlagbà má baà ṣe wàhálà, ó sì mú àkísà tó wà lórí àpótí láti fi sọ ìkòkò náà kalẹ̀.

Ó dúró. Ó wo àkísà náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tẹ báàgì tirẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde nínú omi. Ó nà án, ó rí i pé apá súwẹ́tà ni, ó kéré, ó ki, ojú níítìn ò hàn lára rẹ̀. Omi ẹ̀wà ń dà, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀, ó sì rọra yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti mọ ohun tí omi gbígbóná ń ṣe sí òwú yẹn tẹ́lẹ̀ ni, àbí Ẹ̀mí ló sọ ọ́?"

Kò fi ìbínú bèèrè. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Magdalene ráyè rò ó. Tó bá ní òun mọ̀, ìran tó rí di irọ́ nìyẹn, kò sì ní lè dìde mọ́ nílé àdúrà kó ní Ẹ̀mí wí báyìí. Ìbéèrè mìíràn á sì tẹ̀lé e. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lẹ́nu lásán? Kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń yan Sáàmù tó gùn jù? Ó rí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń bẹ ọmọ tó gbálẹ̀ fún un. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀mí ni," ló wí. "Èmi ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ ò mọ nǹkan kan rárá, Màmá?"

"Mo ní Ẹ̀mí ni."

Bámiṣe fi àkísà náà di ìkòkò mú, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ká àkísà dáadáa, ó gbé e padà sórí àpótí, ó sì tún kúnlẹ̀.

"Ó dáa, Màmá. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ yín lórí pátákó."

Nígbà tí wọ́n gbé pátákó náà kọ́, Sàádátù ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìpékeré rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó kà á sókè díẹ̀díẹ̀: BÁÀGÌ BÁMIṢE. Ẹ̀MÍ MÍMỌ́ LÓ KỌ́ MI. Ó yíjú sí Magdalene, ó ní àbí ojú òun ni, ṣebí Ìyá Oníbáàgì ló kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́, ṣebí ìṣojú òun ló ṣe ń gbálẹ̀ níbí láràárọ̀. Magdalene lanu. Kí ló fẹ́ sọ? Kó ní òun ni, kí wọ́n wá bi í pé Ẹ̀mí tó wá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó ní bó ṣe wà lórí pátákó yẹn náà ló rí.

Bámiṣe ti sọdá wá kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó bèèrè àlàáfíà ilé, kò dín nǹkan kan kù nínú ìkíni rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Magdalene jù, nítorí kò rí ohun tó máa dì mú tó máa fi bínú. Báàgì tí ọmọ náà fún un wà lábẹ́ àga rẹ̀. Kò tíì kó nǹkan kan sí i.

Oòrùn ò tíì ga tí mọ́tò Bìní kan fi dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó mú fóònù lọ́wọ́, àwòrán báàgì aláwọ̀ ewé kòkó wà nínú rẹ̀. Ó kọjá àwọn oníbúrẹ́dì, ó dúró níwájú Magdalene, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Mà, oníbáàgì tí Ẹ̀mí kọ́ ni òun ń wá. Sàádátù tẹjú mọ́ ìpékeré rẹ̀. Magdalene kó abẹ́rẹ́ méjèèjì sí ọwọ́ òsì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí òdìkejì títì.